Ọwọ́ Tó Kólòlò

Ọkùnrin oníáńkáṣíìfù náà tún sín. Ìyá Wòye dúró kí ó nu imú rẹ̀ tán, ó wá rọra ti ife omi sí i.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti ìgbà wo ni ọ̀fìnkìn yìí ti mú yín?"

"Màmá, wọ́n bí i mọ́ mi ni! Eruku kì í tíì dé ilé wa tí imú mi á ti gbọ́. Ẹ bi ìyàwó mi. Ẹ tiẹ̀ bi ìyàwó mi àkọ́kọ́, torí ẹ̀ ló ṣe kó jáde."

Ìyá Wòye kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì díẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ìyá Wòye ni wọ́n sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ku ọdún méjì kí òun náà fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ tó bá ń jáde, kì í pa rédíò, kí ohùn kan lè wà nínú ilé nígbà tó bá padà dé.

Ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ yìí, gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ọ. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, kápẹ́ńtà kan jókòó sórí àga olùdíje nínú ètò ìbéèrè-àti-ìdáhùn orí tẹlifíṣọ̀n. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń tò sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olùdíje mú ẹyọ kan níbẹ̀. Kápẹ́ńtà gba gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kéde ilé tuntun fún un. Ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta ni òfin ètò náà fàyè gbà: kí olùdíje pe ojúlùmọ̀ lórí fóònù, kí ó ní kí wọ́n yọ ìdáhùn méjì tí kò tọ̀nà kúrò, tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ èrò ìwòran. Ti èrò ìwòran nìkan ni kápẹ́ńtà lò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wo fídíò náà títí, ó ní ìrànlọ́wọ́ kẹrin wà níbẹ̀, èyí tí òfin kò mọ̀. Kí ọkùnrin náà tó dáhùn, á kọ́kọ́ ju ojú sísàlẹ̀ lápá òsì, níhà ibi tí èrò jókòó sí. Ta ló sì wà níbẹ̀ ní ìlà kẹta? Ọkùnrin tí kò yéé yọ áńkáṣíìfù.

"Ní ìbéèrè kejì," ni Ìyá Wòye wí, "ẹ yọ áńkáṣíìfù nígbà mẹ́fà. Ní ìkarùn-ún, ẹ kò yọ ọ́ rárá. Bí áńkáṣíìfù yín bá ń sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ìsọkúsọ ló ń sọ. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ lo oògùn."

Ọ̀gá àgọ́ gbọ́, inú bí i. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ tún ti tú u sílẹ̀? Màmá, ẹni kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́wọ́ o. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa gbé Akọ̀wé Ìbéèrè lọ sí kóòtù. Òun ló ń kọ ìbéèrè, òun ló ń tọ́jú ìdáhùn. Bí kò bá ṣe òun, ta ni?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ọ̀gá. Òní ṣì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

*

Akọ̀wé Ìbéèrè jókòó ní àtìmọ́lé, ó so táì mọ́rùn bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é sípàdé. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò wá wò ó.

"Ta ni kí n bá yín pè?" ni Ìyá Wòye bi í. "Ìyàwó? Ẹ̀gbọ́n? Ọ̀rẹ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ronú. Ó ronú pẹ́ débi pé ojú ti Ìyá Wòye fún un.

"Onílé mi," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ sọ fún un pé mi ò sá lọ."

"Ta ló ń rí ìbéèrè yàtọ̀ sí yín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀?"

"Atọ́kùn ètò nìkan, orí ìtàgé ni mo sì ti ń kó o lé e lọ́wọ́. Kì í sí ìdáhùn nínú tiẹ̀."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Kò sí ẹnìkankan, Màmá. Ẹnìkankan ò sí."

Ìyá Wòye wo ojú rẹ̀. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tó sì wá dà á láàmú gan-an nìyẹn: ẹni tí kò purọ́, tí òtítọ́ rẹ̀ kò sì pé.

*

"Kápẹ́ńtà!" ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń wí, bó ṣe ń ṣáájú rẹ̀ wọ inú sítúdíò. "Ẹ gbà mí. Kápẹ́ńtà wo ló fẹ́ mọ òkè tó ga ṣìkejì láyé?"

"Ẹni tó kan tábìlì tó wà lọ́fíìsì yín, ṣé orí igbá ló gbé sọ́rùn? Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbi tó jókòó sí."

Ó gun orí àga olùdíje. Ó ní kí oníṣẹ́ iná tan gbogbo iná bó ṣe wà ní Ọjọ́rú. Iná tàn wàá, ojú Ìyá Wòye ṣú. Nígbà tó tún ríran, kò rí àga èrò kan ṣoṣo. Òkùnkùn birimù ni gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó ní ìlà kẹta, kí ẹ máa juwọ́ sí mi."

Ìgbésẹ̀ ọ̀gá náà dún kẹ̀kẹ̀ lọ sínú òkùnkùn. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ẹ juwọ́ o!"

"Mo ti ń jù ú! Apá ti ń ro mí!"

"Mi ò rí yín. Bí ẹ bá jó ijó níbẹ̀, mi ò lè rí i." Ó mí kanlẹ̀. Oníáńkáṣíìfù ti bọ́ nínú ẹjọ́ pátápátá. Kò sí ẹni tó lè ti àárín èrò ran ẹni orí àga yìí lọ́wọ́ láìlanu. Ó wá ju ojú sísàlẹ̀ lápá òsì, bí kápẹ́ńtà ṣe máa ń ṣe. Ohun mẹ́ta péré ni ìmọ́lẹ̀ dé: àga atọ́kùn, ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ ìbéèrè sí, àti ojú ilẹ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ, lábẹ́ gílóòbù kékeré kan, níwájú ìlà àkọ́kọ́ gan-an.

"Ta ló ń dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Níbo?" Ọ̀gá náà ti padà dé, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù. "Àà, ibẹ̀ yẹn? Kò sí ẹnìkan. Ìyá Inú Àpótí ni."

"Kò sí ẹnìkan ni, àbí Ìyá Inú Àpótí ni?"

Ọ̀gá náà wá ṣàlàyé. Ògbufọ̀ ni obìnrin náà, ó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ètò fún àwọn adití. Kámẹ́rà kékeré kan ló dojú kọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á sì fi àwòrán rẹ̀ sínú àpótí kan ní igun tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí níbẹ̀.

"Kò sí nínú fídíò tí ẹ fún wa."

"Èyí tí kò ní àpótí la fún yín. Òun ló mọ́lẹ̀ jù."

Oníṣẹ́ iná wúkọ́ lórí àkàbà. "Gílóòbù rẹ̀ kú mọ́ ọn lórí lọ́jọ́ náà, Màmá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ka ìbéèrè kẹjọ gẹ́lẹ́ ni. A ò dá ètò dúró, ìgbà tí ìyẹn parí ni mo tó gun òkè lọ pààrọ̀ rẹ̀."

"Ìkẹjọ. Ó dá yín lójú?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé orí àkàbà ni mo wà."

Ìyá Wòye mọ fídíò náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Ìbéèrè kẹjọ ni kápẹ́ńtà ti ké gbàjarè, tó ní kí èrò ìwòran ran òun lọ́wọ́. Ìbéèrè ọ̀hún sì ni pé, igi wo nínú igi mẹ́rin ni ikán kì í lè jẹ. Ọkùnrin tó mọ òkè tó ga ṣìkejì láyé, kápẹ́ńtà ọmọ kápẹ́ńtà, kò mọ igi tí ikán kì í jẹ! Ó ti ń fi ọ̀pá ẹlòmíràn rìn débi pé nígbà tí ọ̀pá náà sọnù, ó gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀.

"Lẹ́yìn ètò ọjọ́ náà," ló bi ọ̀gá, "ṣé òǹwòran kankan kọ̀wé sí yín?"

"Ìwé ìkíni kún inú dúrọ́ọ̀. Àfi ti adití aránṣọ kan tó máa ń yọ wá lẹ́nu. Gbogbo ìgbà ni tiẹ̀ máa ń ní àbùkù."

Ìwé náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò já a. Ìyá Wòye já a. Ohun tó wà níbẹ̀ kò gùn: *Ní Ọjọ́rú, ọwọ́ ògbufọ̀ yín ń kólòlò. Ní ìbéèrè kẹjọ, ẹ kò fi í hàn wá rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara rẹ̀ yá? Èmi, aránṣọ ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.*

*

Aránṣọ náà ń gé aṣọ dúdú kan lórí tábìlì nígbà tí Ìyá Wòye wọlé. Aránṣọ na ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ sí i, ó sì mú ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Orí aṣọ dúdú náà ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan á kọ, èkejì á kà, wọ́n á sì nù ún.

*Báwo ni ọwọ́ ṣe ń kólòlò?* ni Ìyá Wòye kọ.

Aránṣọ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Ó pe ìdáhùn kìn-ín-ní, ọwọ́ rẹ̀ já gaara. Ó pe ìkejì, ó já gaara. Nígbà tó dé ìkẹta, ọwọ́ náà dúró lókè díẹ̀, ó tún un pè, bí ẹni pé ó fẹ́ rí i dájú, ó tó kọjá sí ìkẹrin. Ó mú ṣọ́ọ̀kì padà.

*Ọ̀kan nínú mẹ́rin ló máa ń kólòlò lé lórí. Èyí tó bá ti kólòlò lé lórí ni ìdáhùn tó tọ̀nà. Bó ṣe pé wọ́n ń fún èèyàn nílé ní pálọ̀ rẹ̀ ni, èmi náà ìbá ti kó lọ.*

Ó rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọ̀hún rọ lójú rẹ̀.

*Ọdún mẹ́sàn-án, ọwọ́ yẹn kò kólòlò rí. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ sọ́sẹ̀. Kí lẹ máa ṣe fún un?*

Ìyá Wòye fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìbéèrè náà kúrò lórí aṣọ. Ó wá kọ ohun mìíràn: *Ẹ bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la.*

*

Kápẹ́ńtà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú ẹ̀wù tuntun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó. Ìyá Wòye fún un ní àga. Lójú fèrèsé lẹ́yìn Ìyá Wòye, aránṣọ jókòó bí ẹni tó wá fi ẹjọ́ tirẹ̀ sùn.

"Ṣé ẹ mọ obìnrin tó ń túmọ̀ fún àwọn adití ní sítúdíò?"

"Ògbufọ̀? Mi ò kíyè sí ògbufọ̀ kankan, Màmá."

"Ẹ kò gbọ́ èdè ọwọ́?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi kò mọ̀ ju òòlù lọ."

"Ó dáa." Ìyá Wòye ṣí ìwé, ó ń wá gègé nínú àpò rẹ̀ bí àgbàlagbà tó gbàgbé ibi tó fi nǹkan sí. Lẹ́yìn rẹ̀, aránṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì yí ìka rẹ̀ bíi mélòó kan nínú afẹ́fẹ́.

Kápẹ́ńtà fò dìde, ó ń gbá èjìká òsì rẹ̀ gbì, gbì, gbì.

"Kí lẹ ń lù?" ni Ìyá Wòye bi í, láìgbé ojú sókè.

"Alá..." Ó wo èjìká rẹ̀, kò sí aláǹgbá kankan níbẹ̀. Ó wo aránṣọ. Ó jókòó padà.

"Kò sí ẹnu kankan tó sọ nínú yàrá yìí pé aláǹgbá wà léjìká yín," ni Ìyá Wòye wí pẹ̀lẹ́. "Ọwọ́ ló sọ ọ́. Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi. Adití ni wọ́n. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ odi ni wọ́n ń pè mí. Látìgbà tí mo ti sin wọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé mo gbọ́ ọ. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀." Ó nu ojú. "Màmá, mi ò bẹ ògbufọ̀ náà. Mo fi Ọlọ́run búra. Mo rí i níta sítúdíò tó ń fi ìka kọ́ orúkọ kan tó le, ó ṣì í, mo sì fi ọwọ́ tèmi tún un ṣe. A rẹ́rìn-ín. A sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó di ìbéèrè kẹta tí mi ò mọ̀ ọ́n, mo wò ó, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yé mi."

"Ẹ lè kọ̀ ọ́."

"Yàrá kan ni èmi àti ọmọ mẹ́rin wà."

"Akọ̀wé kan wà ní àtìmọ́lé nítorí yín."

Ó sorí kodò.

"Kí ni obìnrin náà jẹ́ sí yín?"

"Kò jẹ́ nǹkankan, Màmá. Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni."

Kí ó tó jáde lọ, Ìyá Wòye yà sọ́dọ̀ Akọ̀wé Ìbéèrè. "Ta ló ń kọ́ ògbufọ̀ ní àwọn orúkọ tó le, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀?"

Ọkùnrin náà lanu, kò lè pa á dé. "Èmi ni mo ń fún un ní ìwé... ní wákàtí kan ṣáájú... ìdáhùn wà níbẹ̀..." Ó di orí mú. "Màmá, ẹ bi mí ta ló ń rí i, obìnrin yẹn kò wá sí mi lọ́kàn! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń nawọ́ ìwé sí i o."

*

Ilé ògbufọ̀ wà ní òpin òpópónà, ní òkè àtẹ̀gùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàtà ọkùnrin méjì, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ti dán, wà lẹ́bàá ògiri. Ìyá Wòye sọ ibi tí òun ti wá, obìnrin náà sì ní kí ó jókòó, kò béèrè ìdí.

"Bàtà ọkọ mi nìyẹn," ló wí, nítorí ó rí ibi tí ojú àlejò ń lọ. "Atúnbàtàṣe ni, adití ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ èdè ọwọ́. Ó pé ọdún mẹ́fà báyìí tó ti lọ."

"Ẹ kú àràfẹ́rakù."

"Ẹ ṣé. Àwọn èèyàn rò pé ilé adití máa ń dákẹ́ ni. Irọ́ ni. Ariwo wà nílé wa nígbà náà! À ń jà, à ń pa àlọ́, à ń sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn níṣojú wọn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Látìgbà tó ti kú, inú àpótí yẹn nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó sì ń rí mi kò lè dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ náà, mo dúró síta, mo ń fi ìka kọ́ orúkọ, mo ṣàdédé rí ọwọ́ ẹnìkan tó ń dá mi lóhùn. Ó ní, 'Ìyá, ẹ fi ìka kan sílẹ̀ sílé.' Màmá ọlọ́pàá, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. A ò sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i lórí àga, ó ń wò mí bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti dúró."

"Ẹ mọ̀ pé kò dáa."

"Mo mọ̀ ọ́n ní ìkẹta. Mo mọ̀ ọ́n ní ìkarùn-ún. Nígbà tí gílóòbù kú, mo ní Ọlọ́run ló yọ mí. Wọ́n sì tún un tàn."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ti Akọ̀wé Ìbéèrè mọ́lé?"

Obìnrin náà dìde dúró. "Akọ̀wé? Ẹni jẹ́jẹ́ yẹn? Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ karùn-ún nìyí."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Ta ni ì bá sọ fún mi? Ẹ mú ìwé wá, ẹ mú un wá kíá."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, kò fi ẹyọ kan pamọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Ìyá Wòye fi fóònù pe ọ̀gá àgọ́. Ó ní kí wọ́n tú akọ̀wé sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì sọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀rọ̀ ilé tuntun kápẹ́ńtà ti bà jẹ́. Ní ti obìnrin yìí, òun fúnra òun ló máa mú un wá lọ́la, òun sì dúró fún un.

Ó ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí obìnrin náà pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ̀ ń bá kápẹ́ńtà náà sọ̀rọ̀... ṣé ó béèrè mi?"

Irọ́ kékeré ì bá rọrùn, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Wòye ti fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n sọ òtítọ́ fún òun.

"Kò béèrè yín."

Obìnrin náà mi orí. Ó jókòó padà, ó gbé ọwọ́ lé itan. Àwọn ìka náà yí díẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan, wọ́n sì dákẹ́.

"Kí lẹ sọ?" ni Ìyá Wòye bi í.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí o. Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ìyá Wòye wo àtẹ̀gùn tó ń dúró dè é. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti obìnrin náà títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó sì jókòó.

"Ẹ tún un sọ," ló wí. "Ẹ rọra ṣe é, kí n lè rí i."